Jẹjẹrẹ Ewing àti àwọn tó jọ ọ́: kí ló dé tí orúkọ tó wà nínú èsì àyẹ̀wò fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Bí wọ́n bá bu ẹran díẹ̀ nínú eegun tó wú lára ọmọ ọdún 13, tí wọ́n fi aró sí i, tí wọ́n gbé e sábẹ́ máíkíróskóòpù, ó ṣeé ṣe kí ohun tí dókítà máa rí má ju sẹ́ẹ̀lì kéékèèké, roboto, aláwọ̀ búlúù lọ, tí wọ́n fún mọ́ra wọn gádígádí. Ọ̀pọ̀ èsì àyẹ̀wò ló ń parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àìsàn tó lè rí bẹ́ẹ̀ pọ̀. Jẹjẹrẹ Ewing, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú eegun àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, lè rí bẹ́ẹ̀. Lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbógun ti àrùn, lè rí bẹ́ẹ̀, títí kan irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Burkitt, tó wọ́pọ̀ lágbègbè wa. Neuroblastoma (jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára) àti rhabdomyosarcoma (ti iṣan ẹran ara) náà lè rí bẹ́ẹ̀. Oògùn wọn kò dọ́gba, iye oṣù tí wọ́n fi ń tọ́jú wọn kò dọ́gba, ìrètí tó wà nídìí kálukú wọn kò sì dọ́gba.

Láti ọdún 2020 ni ọ̀rọ̀ yìí ti tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ọdún yẹn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ẹ̀dà karùn-ún ìwé tó ń to jẹjẹrẹ eegun àti ti ẹran ara lẹ́sẹẹsẹ jáde. Nínú ìwé náà, wọ́n yọ àwọn àìsàn kan kúrò lábẹ́ Ewing, wọ́n fún wọn ní àyè tiwọn. Kó tó dìgbà náà, èyí tó bá ti jọ Ewing ṣùgbọ́n tí kò ní àmì rẹ̀ gan-an, "Ewing-like" ni wọ́n ń pè é, oògùn Ewing náà ni wọ́n sì ń fún ẹni tó ní in. Ní báyìí, ó ti hàn kedere pé oògùn yẹn kì í ran àwọn kan nínú wọn tó bó ṣe ń ran Ewing. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí: ẹni tí irú àìsàn yìí bá ṣe nílẹ̀ wa lè pàdánù oṣù mélòó kan tó níye lórí kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń bá a jà, ọ̀pọ̀ ohun tó sì ń fa ìdádúró náà ló ṣeé yẹra fún.

Ibi tí Ewing ti bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1921 ni James Ewing, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, ṣàpèjúwe jẹjẹrẹ eegun kan tí kò hùwà bí èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Jẹjẹrẹ eegun tó wọ́pọ̀ jù kì í mi bí wọ́n bá ta ìtànṣán radium sí i, ṣùgbọ́n èyí ń sún kì. Ewing rò pé ara ohun tó bo inú òpó ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá. Ibẹ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tọ̀nà pé àìsàn ọ̀tọ̀ ni.

Ó tó ọgọ́ta ọdún kí àmì tó dájú tó jáde. Ní 1983, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé rí i pé nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí, krómósóòmù 11 àti 22, àwọn okùn tó gbé jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé, ti gé lára ara wọn, wọ́n sì ti pààrọ̀ ègé tó já. Ní 1992, Olivier Delattre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Institut Curie ní Paris ṣàlàyé ohun tí pàṣípààrọ̀ náà bí: jíìnì EWSR1 lẹ̀ mọ́ jíìnì FLI1, àwọn méjèèjì wá di ẹyọ kan tí kò sí lára ènìyàn rí. Purotéènì tí jíìnì àdàmọ̀dì yìí ń ṣe máa ń lọ bà lé ibi tí lẹ́tà DNA mẹ́rin, GGAA, ti tò tẹ̀ léra wọn lẹ́ẹ̀mélòó kan. Bó bá ti bà lé e, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn jíìnì tó yẹ kó sùn jí. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pọ̀ láìdáwọ́ dúró nìyẹn.

Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní jẹjẹrẹ Ewing, bíi 85 ló ní EWSR1 àti FLI1. Bíi 10 ní EWSR1 àti ERG. Àwọn tó ṣẹ́kù ní jíìnì mìíràn tó jẹ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú FLI1, nígbà mìíràn sì rèé, FUS ló máa ń gba ipò EWSR1.

Inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gígé yìí ti ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti bí ọmọ. Kì í ṣe ohun tí òbí fi lé ọmọ lọ́wọ́, kì í sì í ṣe àfiṣe. Bọ́ọ̀lù tó gbá ọmọ lẹ́sẹ̀ kọ́ ló fà á. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ á ṣubú lórí pápá, wọ́n á wo ẹsẹ̀ náà, wọ́n á wá rí ìwú tó ti ń bọ̀ láti ọjọ́ yìí. Mo fẹ́ sọ èyí yékéyéké, nítorí mo mọ bí ìyá ṣe máa ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, àti bí ẹbí ṣe máa ń wá ẹni tí wọ́n máa nàka sí.

Àwọn tó jọ ọ́, tí kì í ṣe òun

Àkọ́kọ́, tó sì le jù, ni èyí tí jíìnì CIC ti gé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni CIC máa ń lẹ̀ mọ́ DUX4, ohun tí àwọn onímọ̀ Japan ti ṣàlàyé ní 2006. Kì í sábà bẹ̀rẹ̀ nínú eegun. Inú ẹran ara ló fẹ́ràn, ní itan, ní apá, ní ẹ̀yìn, lára àwọn ọ̀dọ́ tó ti dàgbà díẹ̀. Ó máa ń tètè dé ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2017, tó kó àwọn aláìsàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún jọ, ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5, nígbà tó jẹ́ 77 fún àwọn tó ní Ewing gidi tí wọ́n fi wé wọn. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré rárá. Bí wọ́n bá pe ẹni tó ní CIC ní aláìsàn Ewing, ìrètí tí wọ́n ń fún un kì í ṣe tirẹ̀, ètò ìtọ́jú náà sì lè má bá a mu.

Èkejì ni ti jíìnì BCOR. Institut Curie kan náà ló kéde rẹ̀ ní 2012: BCOR àti CCNB3, méjèèjì lórí krómósóòmù X, máa ń yí padà, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ra. Àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún ló máa ń ṣe jù, inú eegun ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí dára ju CIC lọ. Ó ń gbọ́ràn sí oògùn Ewing, àbájáde rẹ̀ sì súnmọ́ ti Ewing. Fún ọmọ tó ní BCOR, ewu ibẹ̀ ni pé kí àyẹ̀wò sọ pé "a kò mọ ohun tó jẹ́", kí wọ́n wá fi í sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fún un ní oògùn tí kò lágbára tó.

Ẹ̀kẹta ń dani láàmú. EWSR1 wà nínú rẹ̀, bíi ti Ewing, ṣùgbọ́n NFATC2 tàbí PATZ1 ló lẹ̀ mọ́, kì í ṣe FLI1. Àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ni ti NFATC2 máa ń ṣe jù, nínú eegun gígùn. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé e jáde lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí wọ́n ti fi oògùn Ewing sí i, wọ́n sábà máa ń bá sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ láàyè gbáko nínú eegun náà. Iṣẹ́ abẹ ló dà bí ẹni pé ó ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ju oògùn lọ.

Òdìkejì ọ̀rọ̀ náà tún wà, ó sì yẹ kí àwọn dókítà ọ̀fun, imú àti etí mọ̀ nípa rẹ̀. Ewing gidi kan wà tí kò jọ Ewing. Adamantinoma-like ni wọ́n ń pè é. Ọrùn àti orí ló sábà máa ń wà, nínú ẹṣẹ́ itọ́ tàbí nínú ẹṣẹ́ ọrùn tó ń jẹ́ thyroid. Ó ní keratin, purotéènì tó wà lára awọ àti irun, nítorí náà ó rọrùn kí wọ́n kà á sí jẹjẹrẹ awọ tàbí ti ẹṣẹ́. Bí wọ́n bá yẹ jíìnì rẹ̀ wò, EWSR1 àti FLI1 náà ni wọ́n ń rí. Ewing tún lè bẹ̀rẹ̀ nínú kíndìnrín àgbàlagbà, kí gbogbo ènìyàn rò pé jẹjẹrẹ kíndìnrín lásán ni.

Àwọn àgbà ní ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun. Nínú àìsàn yìí, ìjọra yẹn gan-an ló ń ṣi dókítà lọ́nà.

Bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀

Àwòrán ló ń ṣáájú. Lórí X-ray, eegun tí Ewing wọ̀ lè fi ìpele ìpele hàn bí àlùbọ́sà tí wọ́n là sí méjì, nítorí pé bí kókó náà ṣe ń tì í ni awọ eegun ń dá eegun tuntun lé ara rẹ̀. MRI á fi bó ṣe gùn tó hàn, CT á wo ẹ̀dọ̀fóró, PET á wo gbogbo ara. Nínú ẹni mẹ́rin, bíi ẹnì kan ni àìsàn náà ti máa ń tàn dé ibòmíràn lára rẹ̀ kí wọ́n tó rí i.

Àwòrán kò lè sọ orúkọ. Ẹran ara ló máa sọ ọ́, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Abẹ́rẹ́ ńlá ni wọ́n ń fi bu ẹran náà. Ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé lè gbé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, nítorí náà ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ ìkẹyìn ló yẹ kó yan ibẹ̀, kó lè gé ojú ọ̀nà náà pẹ̀lú kókó. Bí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ la itan ọmọ gbọọrọ ní ìbú, wọ́n lè wá gé ẹsẹ̀ tó yẹ kó ṣẹ́kù.

Lẹ́yìn náà, eegun le, ọ̀bẹ yàrá àyẹ̀wò kò lè gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n ní láti rẹ ẹ́ kó rọ̀ kí wọ́n tó fi ìda bò ó. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ sínú ásíìdì tó le, á rọ̀ kíákíá, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á ṣì hàn lábẹ́ máíkíróskóòpù, ṣùgbọ́n DNA àti RNA inú rẹ̀ á ti jẹrà. Àyẹ̀wò jíìnì kì í sábà lè rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. EDTA, kẹ́míkà mìíràn tí wọ́n fi ń rẹ eegun, kì í ba jíìnì jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò náni ní nǹkan kan: kí wọ́n ya ẹran rírọ̀ tó wà lára kókó náà sọ́tọ̀, kí wọ́n má fi kan ásíìdì rárá.

Aró àkànṣe, tó ń fi purotéènì kọ̀ọ̀kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì hàn, ló kàn. CD99 ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Lára Ewing, ó máa ń yí etí sẹ́ẹ̀lì ká láìku ibì kan. Ṣùgbọ́n àwọn lymphoma kan náà ń gba CD99, nítorí náà ẹni tó bá fi CD99 nìkan dájọ́ lè ṣì í. NKX2.2 ń kún un lọ́wọ́. Bí CD99 bá wà níbì kan, tí kò sí níbòmíràn, tí WT1 àti ETV4 sì hàn dáadáa, kí dókítà máa fura sí CIC.

Àyẹ̀wò jíìnì ló ń parí ẹjọ́. FISH, ọ̀kan nínú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, máa ń fi àwọ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì EWSR1, tó bá ti gé, àwọ̀ náà á pínyà. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè sọ ẹni tí EWSR1 lọ lẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn jẹjẹrẹ mìíràn wà tí EWSR1 ti gé nínú wọn, bí èyí tó máa ń kún inú ikùn àwọn ọ̀dọ́kùnrin, tí tirẹ̀ lẹ̀ mọ́ WT1. FISH tí wọ́n fi ń wá EWSR1 kò sì lè rí CIC tàbí BCOR rárá. Nígbà mìíràn, ó tún lè pàdánù EWSR1 tó lẹ̀ mọ́ ERG. Kíka RNA inú kókó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló lè fi gbogbo wọn hàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìtọ́jú

Fún Ewing gidi, ọ̀nà ti là. Vincristine, doxorubicin àti cyclophosphamide lọ́sẹ̀ kan, ifosfamide àti etoposide ní ìgbà tó kàn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa pààrọ̀ wọn títí di ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2003 fi hàn pé fífi ifosfamide àti etoposide kún un gbé iye ọmọ tí àìsàn náà kò padà sí lára lẹ́yìn ọdún 5 láti 54 sí 69 nínú ọgọ́rùn-ún, lára àwọn tí kò tíì tàn. Ní 2012, òmíràn fi hàn pé bí wọ́n bá ń fún wọn ní oògùn kan náà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì dípò mẹ́ta-mẹ́ta, 65 á di 73. Oògùn tuntun kankan kò sí nínú èyí o. Àkókò ni wọ́n kàn sún mọ́ra. Ní 2022, ìwádìí Euro Ewing 2012 tún fi hàn pé ètò yìí dára ju èyí tí àwọn ará Yúróòpù ń lò tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta ni iṣẹ́ abẹ tàbí ìtànṣán máa ń wọlé. Wọ́n lè yọ eegun, kí wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀. Bó bá wà níbi tí ọ̀bẹ kò lè dé dáadáa, bí eegun ìbàdí tàbí ti ẹ̀yìn, ìtànṣán ló kù. Kímò, ìyẹn àwọn oògùn tí mo dárúkọ lókè, á wá tẹ̀ síwájú lẹ́yìn rẹ̀. Doxorubicin lè ba ọkàn jẹ́, ifosfamide lè ba kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ jẹ́, cyclophosphamide lè mú kí ọmọkùnrin má lè bímọ lọ́jọ́ iwájú. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí ẹnì kan bá ìdílé sọ̀rọ̀ nípa fífi àtọ̀ pamọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí wa ni ojú máa ń tì láti béèrè nípa èyí fún ọmọ ọdún 15. Ẹ béèrè.

Fún ẹni tí tirẹ̀ ti tàn ká, ìdá tó ń yè lẹ́yìn ọdún 5 kò ju bíi 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí Ewing bá padà wá lẹ́yìn ìtọ́jú, ìwádìí rEECur fi ọ̀nà mẹ́rin díje, ifosfamide tó pọ̀ gan-an ló sì borí.

Fún CIC àti NFATC2, kò sí ìwádìí ńlá tó jẹ́ tiwọn. Wọn kò pọ̀ tó ní orílẹ̀-èdè kankan. Àwọn dókítà kan ń fún wọn ní oògùn Ewing, àwọn mìíràn ń lo doxorubicin àti ifosfamide bíi ti jẹjẹrẹ ẹran ara yòókù. Èrò tèmi ni pé ohun tó burú jù ni kí dókítà máa fi oògùn tí kò ṣiṣẹ́ ṣòfò àkókò nígbà tí kókó náà ṣì ṣeé gé. Ẹni tó bá mọ̀ pé CIC ló wà nílẹ̀ á tètè ya àwòrán wò lẹ́yìn oògùn ẹ̀ẹ̀mejì, kò ní dúró títí oṣù mẹ́ta á fi pé.

Nílẹ̀ wa

Ewing kò wọ́pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní Amẹ́ríkà, àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó fi bí ìlọ́po mẹ́sàn-án wọ́pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ funfun jù wọ́n lọ. Àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀kan nínú ohun tó fà á ni bí GGAA ṣe tò sínú DNA kálukú, nítorí pé kò rí bákan náà lára gbogbo ẹ̀yà. Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ ó ní àbùkù tirẹ̀: dókítà tí kò rí i rí kì í rántí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ rò ni kòkòrò inú eegun. Kò sì yẹ ká dá wọn lẹ́bi pátápátá. Ewing máa ń mú ibà wá, ó máa ń gbé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ sókè, eegun á gbóná, á wú. Àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pọ̀ láàárín wa, kòkòrò salmonella sì máa ń wọ eegun wọn gan-an. Nígbà mìíràn, bí oníṣẹ́ abẹ bá la ibẹ̀, ohun tó ń ṣàn jáde á jọ ọyún, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ti kú ni. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kọ oògùn kòkòrò, ọmọ á lọ sílé. Òfin kan wà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun ń kọ́ ara wọn: ohun tó bá jọ ọyún, kí o fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ, ohun tó bá jọ jẹjẹrẹ, kí o fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò kòkòrò. Òbí lè béèrè bóyá wọ́n ṣe méjèèjì.

Àwọn kan á sì ti kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Àwọn yẹn mọ iṣẹ́ eegun tó ṣẹ́, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìwú tí kò sí eegun tó ṣẹ́ nídìí rẹ̀, tó ń dun ọmọ lóru tó fi ń jí, tó ń tóbi láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fọwọ́ ra tàbí tí wọ́n ń fi igi dì.

Ibi ìtọ́jú ti ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 2019, ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ṣí ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, ìtànṣán òde òní sì wà níbẹ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n jù ni àyẹ̀wò jíìnì tí mo sọ lókè. Ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò wa kò ní in, ìdílé ló sì sábà máa ń san owó rẹ̀ lápò ara wọn. Àwọn ará wa tó wà ní England ní àǹfààní mìíràn: ilé ìwòsàn márùn-ún péré ni wọ́n ń darí gbogbo jẹjẹrẹ eegun sí níbẹ̀, Stanmore, Birmingham, Oswestry, Oxford àti Newcastle, kí àìsàn tó ṣọ̀wọ́n má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò rí i rí.

Ohun kan wà tí ìdílé wa lè ṣe níbikíbi tí wọ́n bá wà. Ẹran tí wọ́n bu náà wà nínú ìda, nínú búlọ́ọ̀kù kékeré kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Kì í tètè bàjẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan pàápàá, wọ́n ṣì lè gé e fẹ́lẹ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yàrá tó lè ka jíìnì, láìtún fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ. Bí èsì bá wá láìsí orúkọ tó dájú, tàbí tí wọ́n bá kọ "Ewing-like" síbẹ̀ tí wọ́n dá ọ̀rọ̀ dúró, ẹ béèrè àwọn aró tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ béèrè bóyá wọ́n fi ásíìdì rẹ eegun náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n yá yín ní búlọ́ọ̀kù náà fún ojú kejì. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ìwé èsì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ síbòmíràn nílé, nítorí ìwé lè sọnù, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n á sì fi wá a.